Kí Ẹ Tó Gba Káàdì: Bí Owó Ilé-Ìwòsàn Ṣe Ń Jáde Lápò

Ìdí fèrèsé tí wọ́n ti ń sanwó ni mò ń jókòó sí ní ilé-ìwòsàn ìjọba kan n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù níbẹ̀ ni, "Àǹtí, ṣebí mo ti sanwó káàdì?" Ẹ ti san án lóòótọ́. Owó káàdì ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì ń tan èèyàn jẹ.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ ó gba káàdì, ẹ ó sanwó dókítà. Níbòmíì, wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Dókítà á kọ tẹ́ẹ̀sì, ẹ ó padà wá bá mi kí lábù tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Èsì á jáde, ó di oògùn, ẹ tún dé. Bí wọ́n bá wá dá yín dúró ní wọ́ọ̀dù, owó bẹ́ẹ̀dì ń bẹ, nọ́ọ̀sì á sì na bébà pélébé kan sí yín: ibọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, kánúlà, dírípù, òwú, pílásítà. Bébà yìí lẹnikẹ́ni kì í ṣírò mọ́ ọn látilé.

Ẹ jẹ́ ká fi ibà lásán ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní káàdì àti dókítà jẹ́ 2,500 náírà, tẹ́ẹ̀sì ibà àti ti ẹ̀jẹ̀ 6,000, oògùn 7,000, ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ 2,000. Àpapọ̀ rẹ̀, 17,500. Iye káàdì àti dókítà tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, ìlọ́po méje rẹ̀ lẹ ná yẹn o.

Ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ti lè dín in kù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ dókítà kò tiẹ̀ mọ iye tí à ń gbà. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, nínú tẹ́ẹ̀sì wọ̀nyí, èwo ni kò gbọdọ̀ dúró?" Ẹ ní kó kọ orúkọ oògùn gan-an, kó má kọ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fún un. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lo amlodipine lóṣooṣù máa rí ìyàtọ̀ náà kíákíá. Ẹ ṣáà yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára páálí. Bí owó kò bá tó, ẹ bèèrè bóyá fítámì lè dúró ná. Oògùn apakòkòrò àìsàn (antibiotic) ní tiẹ̀, ẹ má rà á lábọ̀ o. Ẹ ó kàn tún àìsàn náà gbé wá ni.

Àjẹsára ọmọdé àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ìwòsàn ìjọba.

Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń yọ owó lápò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiwọn: OYSHIA lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, Ilera Eko ní Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò yìí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló ń san. Ibi tó ti ń kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ ni pé ilé-ìwòsàn kan ni wọ́n kọ orúkọ yín sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà níbòmíì, ẹ gba lẹ́tà, ẹ sì rí i pé wọ́n gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò kẹ́ ẹ tó kúrò. Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ gbé wá, gbogbo owó ló máa san, ẹjọ́ kò sì sí níbi fèrèsé mi.

Tó bá jẹ́ pàjáwìrì ńkọ́? Òfin ìlera ti 2014 kò gba ilé-ìwòsàn kankan láàyè láti kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí owó. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ ló so mọ́ ọn, tàbí méjèèjì. Owó yóò wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Bí owó kò bá sí lóòótọ́, ẹ bèèrè ọ́fíìsì sóṣà wẹ́fíà, àwọn tó ń ran aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́, kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má ṣe fi owó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, bó wọ aṣọ funfun bí kò wọ̀ ọ́. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú u títí wọ́n fi máa ní kẹ́ ẹ máa lọ ilé. Bí tíráńsífà bá sì há, ẹ má tíì san òmíràn; ẹ dúró tì mí ká yẹ̀ ẹ́ wò.