Bí Mo Ṣe Fi DAC Mẹ́ta Wéra Nílé Wa ní Àjàṣẹ́

Àwọn àpàlà àti sákárà tí bàbá mi tọ́jú sínú kásẹ́ẹ̀tì ti di fáìlì nínú kọ̀ǹpútà mi báyìí. Amplifáyà àtijọ́ kan àti sípíkà méjì ni mo fi ń gbọ́ wọn ní pálọ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ariwo tó ń ti ihò etí kọ̀ǹpútà náà (ibi tí a ń ki wáyà ohun ìgbọ́rin bọ̀) jáde: bí orin bá rọlẹ̀ á máa ṣe ṣáà, bí mo bá sì fọwọ́ kan máòsì, á tún máa han bí ẹ̀fọn. Mo wá pinnu láti wá DAC tó dá dúró.

DAC ni ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú orin di iná tí amplifáyà lè gbà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ti ní tirẹ̀ nínú, àmọ́ àárín àwọn nǹkan mìíràn tó ń fa iná tó sì ń dá ariwo sílẹ̀ ni wọ́n há a sí. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà jáde sínú àpótí tirẹ̀, tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń gbà láti inú wáyà USB, ariwo yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà bá orin wọlé.

Mẹ́ta ni mo kó jọ. Àkọ́kọ́ ni wáyà kékeré tí Apple ṣe láti fi so kásìkì (ohun ìgbọ́rin tí a ń fi sétí) mọ́ ihò USB-C. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wáyà lásán ni, bẹ́ẹ̀ odindi DAC ló wà nínú orí rẹ̀. Dọ́là 9 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà; ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ra tèmi bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Èkejì ni Topping D10s, tó ń lo ṣíìpù (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ DAC náà gan-an) ES9038Q2M ti ilé iṣẹ́ ESS. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti Apple. Ẹ̀kẹta, Topping E30, bọ̀dá kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà Ouando ló yá mi. AK4493 ti ilé iṣẹ́ AKM ni ṣíìpù inú rẹ̀. AKM yìí ni iná jó ilé iṣẹ́ wọn ní Nobeoka, ní Japan, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí ṣíìpù wọn wá wọ́n bí ojú. Àwọn tó fẹ́ràn wọn máa ń sọ pé ohùn AKM rọ̀, pé ti ESS le. Bọ̀dá náà gbà bẹ́ẹ̀: “Àbúrò, tí o bá gbọ́ eléyìí, o ò ní fẹ́ dá a padà fún mi.” Ohun tí mo fẹ́ fi etí ara mi mọ̀ gan-an nìyẹn.

Kí n tó gbọ́ orin kankan, mo kọ́kọ́ wọn agbára tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń tì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Bí ohùn méjì bá jọra délẹ̀, tí ọ̀kan kàn fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, èyí tó ròkè ni etí máa yàn. Kò tiẹ̀ ní ṣe ẹni bíi pé ó ròkè. Á kàn ṣe ẹni bíi pé ó mọ́, pé ó kún.

Mo ṣí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn, mo ní kó ṣe ìró kan ṣoṣo fún mi, 60 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí kò ní dáwọ́ dúró. Mítà oníṣẹ́ iná ni mo ní, iná ilé ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìró tó bá ga jù, kì í kà á dáadáa. Iná ilé tiwa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà 60 kò jìnnà sí ohun tó mọ̀. Mo yí mítà sí AC, irú iná ilé, mo fi ẹnu wáyà pupa kan irin àárín orí wáyà RCA, èyí tó ń gbé ohùn lọ sí amplifáyà, mo fi dúdú kan irin tó yí i ká. (Bí ìpele AC tó kéré jù lórí mítà yín bá jẹ́ 200 V, ìyẹn fólítì, ẹ yá òmíràn, kò ní wúlò níbí.) D10s àti E30 sún mọ́ 2 V, bó ṣe yẹ kí àpótí tí a ń so mọ́ amplifáyà rí. Ti Apple kò ju nǹkan bí ìdajì V lọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà máa ń tó 1 V, ṣùgbọ́n wọ́n dín agbára ti Yúróòpù kù. Láti 2 V sí ìdajì V, 12 dB ni (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn kan ṣe ròkè ju òmíràn lọ). Ìyẹn pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá kàn yọ wáyà kan tó ki òmíràn bọ ihò, á búra pé Apple kò dára rárá.

Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi dípò Windows, PulseAudio, ètò tó ń darí ohùn nínú rẹ̀, sì lè fi orin kan náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ paprefs ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Mo wá lọ sí pavucontrol, níbi tí a ti ń yí ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fa ohùn Topping méjèèjì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú mi wà lára mítà, títí ìyàtọ̀ àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn kò ju nǹkan bí 0.1 dB lọ, etí kò lè mú un. Fífà á wálẹ̀ kò sì ba orin jẹ́: ó kéré tán, bit 24 (bit ni wọ́n fi ń ka bí nọ́ńbà ohùn ṣe gùn tó) ni àwọn DAC yìí ń gbà, 12 dB kò ju bit 2 lọ, CD fúnra rẹ̀ kò sì kọjá bit 16.

Mo ki wọn sí ihò CD, TUNER àti AUX lẹ́yìn amplifáyà. Àbúrò mi obìnrin jókòó tì í, ó fi aṣọ bo iwájú rẹ̀, ó ń yí bọ́tìnì bó ṣe wù ú, ó sì ń kọ èyí tó yí sí sínú ìwé tirẹ̀. Èmi náà ń kọ èyí tí mo rò pé mo ń gbọ́ sínú tèmi. Yíyí yẹn gbọ́dọ̀ yá. Tí a bá ń fi ìṣẹ́jú kan pààrọ̀ wáyà, etí á ti gbàgbé.

Ibì kan wà nínú sákárà kan tí gòjé ti ń dá ké, tí olórin sì fa èémí kó tó gbé orin. Ibẹ̀ ni mo ń padà sí. Mo ń fetí sí èémí yẹn, mo ń fetí sí bí irun ọ̀pá gòjé ṣe ń ha okùn. Mo tún ń lọ sí ibi tí gangan ti ń ki ẹnì kan nínú àpàlà, torí bí onílù ṣe ń fún ọ̀ṣán ni ohùn ń yí padà wẹ́rẹ́, bí ẹ̀rọ kan bá sì ń fa ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó ti hàn. Mo fi CD tuntun tó mọ́ kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ariwo kásẹ́ẹ̀tì ló bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a gbé ìwé méjèèjì síra, ohun tí mo kọ kò sàn ju ti ẹni tó ń méfò lọ. Mi ò dá ESS mọ̀ yàtọ̀ sí AKM, mi ò sì dá Apple mọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Àbúrò mi, tí etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ, gbìyànjú, ibì kan náà ló bá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ihò etí kọ̀ǹpútà kún wọn, ìyẹn la mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Láàárín ibi tí orin ti ròkè jù àti ariwo téèpù, kásẹ́ẹ̀tì lásán kì í ju bí 50 sí 60 dB lọ. CD tó 96. Àwọn DAC mẹ́ta yìí sì kọjá CD. Etí kò lè gbọ́ àléébù tó kéré sí ariwo tó ti wà nínú orin náà.

Inú lílò ojoojúmọ́ ni mo ti rí ìyàtọ̀. Nítorí pé ìdajì V ni Apple ń mú wá, mo gbọ́dọ̀ yí amplifáyà sókè púpọ̀, ariwo amplifáyà fúnra rẹ̀ á sì bá a gòkè; láàárín orin kan sí òmíràn, mò ń gbọ́ ọ. Pẹ̀lú Topping méjèèjì, kò sí i. Ohun kejì ni ìró ùùù tó ń wọlé tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí ṣájà. Tí mo bá yọ ṣájà, á panu mọ́, èyí tó fi hàn pé iná kékeré ló ń gba ara wáyà RCA kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti amplifáyà. Mo ki àwọn méjèèjì sí orí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan náà, ó dín kù gan-an. Bí mo bá fẹ́ fetí sílẹ̀ dáadáa, mo máa ń lo bátìrì. E30 ní ihò wáyà optical, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò iná, tí a lè fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sí irin nínú wáyà yẹn, nítorí náà ìró ùùù kò lè bá a wọlé. Bí ó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ ti ń gbọ́ orin, èmi á ní kí ẹ ra E30.

Mo dá ti bọ̀dá padà fún un, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo rí. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n gbé mítà àti kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìsinmi kí òun náà gbọ́ ọ láìwo bọ́tìnì. D10s ló kù sídìí amplifáyà mi, torí inú USB náà ló ti ń gba iná, kò béèrè ṣájà mìíràn. Ti Apple ń bá mi kiri pẹ̀lú kásìkì lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi sí fóònù Android, ẹ kọ́kọ́ dán an wò, torí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ohùn rẹ̀ tún máa ń kéré sí i. Owó tí mo ti ń tọ́jú fún DAC tó tún wọ́n ju ìwọ̀nyí lọ, bọ̀dá náà ni mo kó o fún, kó bá mi pààrọ̀ fóòmù etí sípíkà méjèèjì tí ọ̀rinrin ti jẹ. Ìyàtọ̀ tí ìyẹn mú wá nínú ohùn ìsàlẹ̀, ẹni tó wà ní yàrá kejì pàápàá gbọ́ ọ.