Wáyà Kan Gba Sátidé Mẹ́ta Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Hánńdù alùpùpù mi kéré, mo ní láti tẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó o, bí mo bá sì gùn ún jìnnà, ńṣe ni mo máa ń di ìbàdí mú sọ̀ kalẹ̀. Mo bá ra hánńdù tó ga. Owó hánńdù yẹn ò dùn mí rárá. Owó tó ń dùn mí dòní ni ti sẹ́ńsọ̀ tuntun fún throttle, ìyẹn ọwọ́ hánńdù tí à ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, tí mo rà lé e lórí, nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Bí mo ṣe tú hánńdù àtijọ́, bí mo ṣe pààrọ̀ okùn kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀já bíréèkì sí èyí tó gùn, n ò ní fìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó bá mọ sípánà lò á ṣe é. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ yọ orí bátìrì.

Throttle ni ọ̀rọ̀ wà. Tèmi kì í ṣe èyí tí okùn irin ń fà, wáyà ló ní. Inú ọwọ́ hánńdù gan-an ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà. Bí mo bá yí ọwọ́, sẹ́ńsọ̀ á fi iye fólítì kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á wá fi mọ́tò kékeré kan ṣí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Méjì ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún, wọ́n kàn wà nínú ilé kan ni, kí ọ̀kan lè máa jẹ́rìí èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta: èyí tó ń gbé fólítì 5 wá, earth tí iná ń gbà padà, àti èyí tó ń gbé èsì lọ fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rí àwọn méjèèjì ò bá ti bára mu, kọ̀ǹpútà ò ní gba ìkankan gbọ́.

Wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrú fún hánńdù tuntun, ni mo bá gé wọn, mo so wáyà mọ́ wọn. Kí n má purọ́, iṣẹ́ yẹn wù mí lójú. Lẹ́ẹ̀dì ni mo fi jó wọn pọ̀, mi ò lọ́ wọn lásán. N ò jẹ́ kí oríkèé wọn wà lójú kan náà, kó má baà di kókó nínú páìpù hánńdù, mo sì fi ike tó máa ń súnkì bó bá rí iná bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà tí mo rí rà, dúdú ni gbogbo rẹ̀, mo wá fi tẹ́èpù kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo ṣáná, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo gùn ún fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ẹ̀yìn mi tù mí pẹ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì, ni ẹ́ńjìnnì bá já wá sí sílò lójijì. Mo yí throttle, kò gbọ́. Mo tún yí i, bíi kéèyàn máa yí igi. Iná ìkìlọ̀ pupa ti tàn lára alùpùpù níwájú mi, ọkọ̀ ẹrù sì wà lẹ́yìn mi tó ń fun fèrè. Mo rọra yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á, mo tún un ṣí, ó padà ṣe dáadáa bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Kóòdù méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ohun tó bàjẹ́ ló jáde nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò: P2127, tó ní fólítì sẹ́ńsọ̀ kejì ti lọ sílẹ̀ jù, àti P2138, tó ní àwọn méjèèjì ò bára wọn mu. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní kò sí àní-àní, sẹ́ńsọ̀ ti kú; ó ní bó bá jẹ́ wáyà ni, ṣé ì bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo ra tuntun, mo fi Sátidé àkọ́kọ́ gbé e sí i. Mo yà sọ́wọ́ òsì, ó tún já sí sílò.

Sátidé kejì, mo gbé mítà, èyí tó máa ń dún bí wáyà ò bá já. Gbogbo wáyà mẹ́fà ló dún. Fólítì 5 pé, èsì méjèèjì ń gòkè wẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń yí ọwọ́. Mo fa wáyà jáde nínú páìpù, mo bó ike kúrò lórí oríkèé márùn-ún tó wà níbẹ̀, oríkèé tí mo fi ń yangàn. Kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́. Ìkẹfà bọ́ sísàlẹ̀, níbi ọrùn hánńdù, mo fọwọ́ kàn án, mo ní ìyẹn náà dáa. Inú bí mi débi pé mo ju sípánà sílẹ̀, mo wọlé lọ sùn.

Sátidé kẹta ni àbúrò mi wá. Mo ní kó gbé mítà dání lórí wáyà èsì sẹ́ńsọ̀ kejì kí n lè máa yí hánńdù. Ọ̀tún, ó ń dún. Ọ̀gangan, ó ń dún. Mo yí i sósì dé òpin.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dákẹ́ o!"

Oríkèé kẹfà yẹn ni. Ibi tí wáyà ti ń tẹ̀ nígbàkígbà tí hánńdù bá yí ni mo jó o sí. Lẹ́ẹ̀dì ti wọ inú àwọn òwú bàbà, ó sọ wọ́n di líle bí abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ tí mo fi bó wáyà náà sì ti gé mélòó kan nínú wọn. Níbi tí líle ti pàdé rírọ̀ ni bàbà já sí. Rọ́bà òde ò ya rárá. Ìgbà tí mo fà á tó ń nà bí ìfun ni mo mọ̀ pé kò sí bàbà nínú rẹ̀ mọ́. Bí hánńdù bá wà lọ́gangan, orí méjèèjì máa ń kan ara wọn, ìdí nìyẹn tí mítà fi ń tàn mí jẹ.

Mo yọ wáyà yẹn, mo fi ọ̀kan tó gùn kọjá ọrùn rọ́pò, mo gbé oríkèé rẹ̀ sókè sínú páìpù níbi tí nǹkan kan kì í mì. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn dẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn, mo wọ̀ wọ́n ní àpò rírọ̀ kí irin má máa há wọn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé mítà kí n tó gbé owó, ǹ bá sì ti máa yí hánńdù láti òpin dé òpin bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Mo dá sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ padà síbẹ̀ kí ó lè dá mi lójú. Ó ń ṣiṣẹ́ bí aago. Ẹni tó ta tuntun fún mi ní òun ò lè gbà á padà, pé mo ti lò ó. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi báyìí, n kì í fẹ́ wò ó. Ẹ̀yìn ò dùn mí mọ́ ṣá.