Bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àyè òfìfo nínú dátábéèsì SQL

SQL ni èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, ìyẹn ibi tí a ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a mú tábìlì kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí, kí a pè é ní omo_egbe, kí ó sì ní kọ́lọ́ọ̀mù id, oruko, oruko_aarin, idile, ilu àti foonu. Ọ̀rọ̀ ni kí a fi foonu ṣe, kì í ṣe iye tí a lè ṣírò, nítorí pé òdo tó wà níwájú 080 yóò pòórá bí a bá fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí iye. Bí àyè ilu ẹnì kan bá wá ṣófo, àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè bá níbẹ̀: NULL, tó ń sọ pé a kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tàbí pé kò sí, àti '', èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú. Lójú tèmi, NULL nìkan ló yẹ kí a gbà láàyè nínú ọ̀pọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù, nítorí pé ibi tí méjèèjì bá ti dà pọ̀ ni ìbéèrè ti ń mú èsì tí kò pé wá láìsí ìkìlọ̀ kankan. Oracle, ọ̀kan lára àwọn ètò dátábéèsì, tilẹ̀ máa ń sọ '' di NULL fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbé ètò rẹ̀ ka ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ní lè gbé e lọ síbẹ̀ láìtún un kọ.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé NULL kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun, títí kan NULL mìíràn. Ìdáhùn mẹ́ta ni ìfiwéra ní nínú SQL: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti a kò mọ̀, ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni WHERE, apá tó ń yan ìlà nínú ìbéèrè, sì ń mú jáde. Ìdí nìyí tí WHERE ilu = NULL kì í fi í mú ẹnikẹ́ni wá, tí a sì gbọ́dọ̀ kọ WHERE ilu IS NULL dípò rẹ̀. Bákan náà, bí a bá ń wá àwọn tí kò gbé ní Ìbàdàn, tí a sì kọ WHERE ilu <> 'Ibadan', gbogbo ẹni tí a kò kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò pòórá nínú èsì, àfi bí a bá fi OR ilu IS NULL kún un.

Èyí tó léwu jù ni NOT IN, tó ń wá ohun tí kò sí nínú àkójọ kan. Ká ní akọ̀wé fẹ́ mọ àwọn tí kò tíì san owó oṣù, èyí tí a ń kọ sínú tábìlì owo_osu, ó sì kọ èyí:

SELECT oruko FROM omo_egbe WHERE id NOT IN (SELECT id_omo FROM owo_osu);

Bí ìlà kan ṣoṣo nínú owo_osu bá ní NULL ní id_omo, bóyá nítorí owó kan tó wọ báńkì tí a kò mọ ẹni tó san án, ìbéèrè yìí kò ní mú orúkọ kankan wá, akọ̀wé yóò sì rò pé kò sí ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. NOT EXISTS, tó ń béèrè bóyá kò sí ìlà kankan tó bá a mu, kò ní ìṣòro yìí, òun ni kí a máa lò:

SELECT o.oruko FROM omo_egbe o WHERE NOT EXISTS (SELECT 1 FROM owo_osu s WHERE s.id_omo = o.id);

Nígbà tí a bá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, NULL kan ṣoṣo máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú PostgreSQL àti SQLite, tí àwọn náà jẹ́ ètò dátábéèsì, bí a bá fi àmì || so ó: oruko || ' ' || oruko_aarin || ' ' || idile yóò di NULL fún ẹni tí kò ní orúkọ àárín. CONCAT_WS(' ', oruko, oruko_aarin, idile) máa ń fo NULL kọjá nínú PostgreSQL àti MySQL. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan hàn lójú ìwé dípò àyè òfìfo, COALESCE(foonu, 'kò sí nọ́ńbà') wà fún un, ṣùgbọ́n kí ó mọ sí ibi tí a ti ń fi èsì hàn. A kò gbọ́dọ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú tábìlì.

Orúkọ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà: ọ ni U+1ECD, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni U+0300, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù mìíràn lè fi o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ránṣẹ́ ní mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Adébáyọ̀ tí ojú wa kà sí lẹ́tà méje lè tipa bẹ́ẹ̀ gba àyè 8 tàbí 11, PostgreSQL yóò sì sọ pé àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Láti ẹ̀dà 13 PostgreSQL, normalize(oruko, NFC), tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ń sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Kí a ṣe é kí ọ̀rọ̀ tó wọlé, kí a sì fi àyè sílẹ̀ dáadáa nínú VARCHAR, irú kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi ìwọ̀n gígùn sí. Òdìkejì ni ti MySQL 8.0, níbi tí utf8mb4_0900_ai_ci, ìlànà ìfiwéra ọ̀rọ̀ tó ń lò bí a kò bá yan òmíràn, kì í ka àmì sí, tí ọkọ àti ọkọ̀ fi jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀; utf8mb4_0900_as_cs ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí tábìlì bá ti wà tẹ́lẹ̀, tí òfìfo onírúurú sì ti kún inú rẹ̀, kí a kọ́kọ́ tún un ṣe, kí a tó fi òfin dè é, nítorí pé dátábéèsì kò ní gba òfin náà bí ìlà kan bá ṣì ta kò ó. TRIM ń gé àyè òfìfo etí ọ̀rọ̀ kúrò, NULLIF ń sọ '' di NULL, CHECK sì ni òfin náà:

UPDATE omo_egbe SET ilu = NULLIF(TRIM(ilu), '');
ALTER TABLE omo_egbe ADD CHECK (TRIM(ilu) <> '');

CHECK yìí kò dí NULL lọ́wọ́, nítorí pé CHECK máa ń gba ìdáhùn a kò mọ̀ wọlé, láìdà bí WHERE. Ẹni tó bá ń lo MySQL tó ṣáájú 8.0.16 kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e, torí pé ẹ̀dà wọ̀nyẹn ń ka CHECK láìmú un ṣẹ.