Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fi tẹ́ẹ̀sì rán aláboyún tó ní ṣúgà létí l'Ékòó

Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ló sábà máa ń fi ṣúgà inú oyún (àtọ̀gbẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà oyún) hàn, bí aláboyún bá sì ṣe gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á kó mítà tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún un, wọ́n á ní kó ra sítíríìpù tó máa máa kán ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n á ní kó ní ìwé kékeré tó máa máa kọ nọ́ńbà sí, nọ́ọ̀sì á wá sáré da ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ lé e lórí torí èrò ṣì pọ̀ níta. Kó tó dé Ojúẹlẹ́gba, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ti fò lọ. Ibi tí tẹ́ẹ̀sì ti wúlò nìyẹn, mi ò sọ WhatsApp o, tẹ́ẹ̀sì lásán tó ń wọ fóònù tọ́ọ̀ṣì, tí kò béèrè dátà, tó sì máa dúró dè é títí á fi bọ́ nínú gó-sìló Third Mainland. Ẹ ṣáà jẹ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tẹ́ẹ̀sì tí kò béèrè èsì, tàbí tí ẹnì kankan ò ka èsì ẹ̀, ariwo ni, kò sàn ju ti àwọn ayánilówó orí fóònù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ bá òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Ta ló fẹ́ kó máa rán òun létí, ọkọ ni àbí àbúrò àbí ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń tajà? Àwọn wo ló máa ń gbé fóònù ẹ̀? Tí ọmọ bá ń fi ṣe géèmù, tí ìyá ọkọ bá sì máa ń ní kí wọ́n ka tẹ́ẹ̀sì fóun, ẹ má kọ "insulin" (abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) tàbí "ṣúgà" síbẹ̀, "se o ti yewo?" ti tó, ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

Àkókò ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń ní kó yẹ ṣúgà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, láàárọ̀ kó tó jẹun, àti lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá dáa dáadáa wọ́n lè dín in kù. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń tajà ní Balógun, aago márùn-ún àárọ̀ ló ti wà lórí títì, tẹ́ ẹ bá wá fi tẹ́ẹ̀sì àárọ̀ ránṣẹ́ laago méje, ó ti jẹ búrẹ́dì Agége, ó ti mu tíì, kí lẹ fẹ́ kó yẹ̀ wò mọ́? Ẹ béèrè ìgbà tó ń jí, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ̀yin ń jí. Ti lẹ́yìn oúnjẹ tún le jù, torí ẹni tó ń tajà kì í ní aago oúnjẹ, ìgbà tí oníbàárà bá fọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ló máa jẹun. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ yí i padà: kí òun kọ́kọ́ fi lẹ́tà kan ṣoṣo, J, ránṣẹ́ sí yín bó bá ti fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, kẹ́yin wá ka wákàtí kan tàbí méjì (èyí tí ọsibítù bá sọ ni o) látìgbà yẹn, kẹ́ ẹ tó rán an létí. Látorí òkèlè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tó fọwọ́. Tí kò bá ní owó lórí fóònù, kó fláàṣì yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣàdéhùn ẹ̀ dáadáa: fláàṣì kan, mo ti ń jẹun, fláàṣì méjì, ẹ pè mí. Tẹ́ ẹ bá sì lówó, ẹ máa fi káàdì sórí láìnì ẹ̀, torí èsì lẹ ń wá.

Ó yá, nọ́ńbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ fún aláboyún ni kó má tó 95 láàárọ̀ kó tó jẹun, kó má tó 140 ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kó má tó 120 ní wákàtí méjì, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní mg/dl nìyẹn. Àwọn mítà kan ń fi òṣùwọ̀n míì, mmol/L, hàn, nínú ìyẹn 5.3, 7.8 àti 6.7 ló jẹ́. Ẹ wo èyí tó wà lára mítà tiyín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan má lọ rí 9.2 kó rò pé 92 ni, 9.2 ga gan-an o, ó lé ní 160. Tí nọ́ńbà tí ọsibítù tiyín kọ fún un bá yàtọ̀, ti ọsibítù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí, àpẹẹrẹ ni:

"Mummy, e kaaro. E yewo ki e to jeun. Ko ma to 95. E fi nomba ranse."

"Iya Ibeji, o ti pe wakati 2. E fo owo yin, e yewo, e fi nomba ranse si mi."

"Ola ni antenatal. E mu iwe nomba ati mita dani. Sitiripu ku meloo?"

Ẹ ò rí i pé mi ò fi àmì sí i? Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ Yorùbá máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀ tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú tẹ́ẹ̀sì, ojú ewé tó ń gba lẹ́tà 160 á já sí 70, owó tẹ́ẹ̀sì kan lè di owó méjì. Ti "e fo owo yin" yẹn náà, mi ò fi ṣeré, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máńgòrò tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí omi ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, mítà á pariwo pé ṣúgà ga nígbà tó jẹ́ pé ti èso ló rí.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Google Messages, ẹ kọ tẹ́ẹ̀sì yẹn kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, á bi yín ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ. Ti insulin, àláàmù inú fóònù ẹ̀ ló dáa jù torí ojoojúmọ́ ni, tẹ́ẹ̀sì lè pẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ kílíníìkì ló ń rán tẹ́ẹ̀sì ọlọ́pọ̀ èèyàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn bóyá wọ́n ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dí tẹ́ẹ̀sì ìpolówó, rí, torí ẹni tó ti dí gbogbo ìpolówó lè má rí tiyín náà. Kó fi HELP ránṣẹ́ sí 2442 yẹn, kó mú ti ètò ìlera nínú àwọn tí wọ́n bá kó jáde.

Èsì wá dé ńkọ́? Tí nọ́ńbà kan bá ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fara balẹ̀, ẹ ní kó fọwọ́ kó tún un yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé àkókò kan náà ló ń ga ṣáá, ká ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ní bí ọjọ́ méjì mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, ẹ pe kílíníìkì, ẹ má dúró dọjọ́ antenatal. Ẹ ò gbọdọ̀ fi tẹ́ẹ̀sì ní kó fi kún insulin tàbí kó dín in kù, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ẹ má sì sọ ara yín di ọlọ́pàá! "Kí lo jẹ? Ṣé o tún mu mọ́ọ̀tì?" Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 90, 90, 90 ránṣẹ́ sí yín kó lè sinmi, nọ́ńbà irọ́ sì burú ju àìyẹ̀wò lọ. Ẹ sọ pé ẹ ṣé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jọ wò ó bóyá ẹ̀bà yẹn ló yẹ kó kéré kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i.

Tí ṣúgà ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dl lọ, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tẹ́ẹ̀sì parí nìyẹn, ẹ pè é. Kó po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin sómi kó mu ún, tàbí ìdajì agolo Coke, kò gbọdọ̀ jẹ́ irú tí kò ní ṣúgà nínú, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tó bá ti gòkè kó jẹun. Tí kò bá mọra mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni. Bákan náà tí ọmọ inú ò bá ta pútú bó ṣe máa ń ta mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú ẹ̀ sì ń ṣú, tàbí tí ṣúgà ga tó sì ń bì. Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè lórí fóònù nígbà yẹn.

Ẹ dín tẹ́ẹ̀sì kù tí nọ́ńbà bá ti dúró dáadáa, torí ohun tó bá ti ń dún jù, etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Tí ààwẹ̀ Ramadan bá wọlé, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbà á, ẹ̀sìn náà fún aláboyún láyè láti san án padà. Tí NEPA bá mú iná fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ rán an létí insulin inú fíríìjì: kó dì í sínú ọ̀rá, kó gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tó tutù, kó má gbé e lé yìnyín.

Ọjọ́ tó bá bímọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń rán tẹ́ẹ̀sì ní ni kó béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tó kù nínú oògùn, kó sì pa àláàmù èyí tí wọ́n bá ní kó fi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí ṣúgà wọn jẹ́ ti oyún nìkan kì í nílò insulin mọ́ lẹ́yìn ìbímọ, àláàmù tó ń dún lórí ẹni tí oorun ń kùn sì lè jẹ́ kó gún un láìronú. Tẹ́ẹ̀sì kan ló kù, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, ó yẹ kó padà lọ mu omi tí wọ́n po ṣúgà (glucose) 75 gíráàmù sí, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ so ó mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ti ọ̀sẹ̀ 6, torí ìyá tí kò rántí ara ẹ̀ kì í gbàgbé ti ọmọ. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: "Ola ni abere omo. Tiyin naa wa nibe. E ma jeun mo lati aago 10 ale, omi nikan."