Ìtàn Tí Ajẹ́ńtì Ń Tà fún Ẹni Tí Ó Ń Wá Ibi Ìsádi ní Ìlú Ọba

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ ibi ìsádi, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní asylum, gbọ́dọ̀ ti wà ní Ìlú Ọba kí ó tó tọrọ rẹ̀, nítorí kò sí físà tí wọ́n ń fúnni ní Èkó fún un. Yóò sọ ọ́ fún aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú, tàbí kí ó kàn sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, bí ó bá ti wọlé. Wọn yóò gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọn yóò bi í ní ìbéèrè díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá dúró de ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn tí wọn yóò fi ṣe ìpinnu. Home Office kì í gba owó fún un. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti ọdún 1951 ni ó wà nídìí rẹ̀, ó sì kan ẹni tí ó ń bẹ̀rù inúnibíni nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀ tàbí irú ènìyàn tí ó jẹ́ láwùjọ. Ìṣẹ́ nìkan kò sí nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó le tó.

Àwọn ajẹ́ńtì tí wọ́n ń ta ìtàn ní Èkó yìí ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn. Mo ka ọ̀kan nínú ìtàn wọn ní Surulere, èyí tí wọ́n tà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn awo abúlé bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í jẹ oyè tí kò fẹ́, àti pé ó fara pamọ́ sínú oko ní ìpínlẹ̀ Oǹdó fún odidi oṣù kan. Inú oṣù yẹn gan-an ni ọmọ yìí lọ tẹ̀ka fún físà ní Ikeja, tí ó sì kọ sínú fọ́ọ̀mù pé Surulere ni òun ń gbé, pé iṣẹ́ òun ń lọ déédéé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìtẹ̀ka àti fọ́ọ̀mù yẹn wà lọ́wọ́ Home Office. Fọ́ọ̀mù náà ni òṣìṣẹ́ gbé ka iwájú rẹ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ewu gidi ń lé ọmọ yìí. Ó wà nínú ìwọ́de EndSARS ní ọdún 2020. Ọlọ́pàá gbé e, wọ́n lù ú, wọ́n sì tún ń wá a wá sílé lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀. Ajẹ́ńtì ní ìyẹn kò lágbára tó. Nígbà tí ó wá sọ òtítọ́ nígbẹ̀yìn, wọn kò gbà á gbọ́ mọ́, nítorí wọ́n ti ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà nílé, bí ọmọ bá ní kí ẹ fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, káàdì ilé ìwòsàn tí ó lò ní tòótọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ni ẹ ń wá lọ ra ayédèrú ìwé ní Olúwọlé? Òfin ọdún 2004 kan wà ní Ìlú Ọba tí ó ní kí ìwà ẹ̀tàn máa dín ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ onítọ̀hún kù. Wọn yóò sì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó kó lọ sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà, ìbéèrè tí ìtàn awo abúlé kì í lè dáhùn, nítorí wọ́n mọ bí Èkó ti fẹ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọrọ ibi ìsádi, ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ sọ, kí ẹ sì tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Lọ́yà gidi, tàbí agbani-nímọ̀ràn tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, nìkan ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ìjọba lè san owó lọ́yà fún ẹni tí kò ní. Bí wọ́n bá sì kọ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti ibẹ̀, ọjọ́ 14 péré ni ó ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ìpinnu ránṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá kó kúrò nílé kan, ẹ tètè fi àdírẹ́sì tuntun tó Home Office àti lọ́yà yín létí.