Bí Ẹni tó Ti Ìkòròdú Lọ Ṣe Lè Mú Ara Rẹ̀ Mọ́ Ooru Aṣálẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gbéra láti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Dubai, Doha tàbí Jeddah, ohun tí a sì sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lọ ni pé kò sí irú oòrùn tí ojú ọmọ Èkó kò rí rí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìkòròdú, nígbà tí oòrùn bá mú jù lọ, ìyẹn ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 33°C, atẹ́gùn ọ̀sà sì máa ń fẹ́ wá láti ìhà Ìpakodò bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ní Dubai, ooru ọ̀sán oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ máa ń kọjá 40°C léraléra, òru pàápàá sì máa ń gbóná tó 30°C. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ara wa. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ara ènìyàn lọ ni àjèjì. Ara lè kọ́ ọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ, ó sì máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú aṣálẹ̀ tí ẹ ń lọ

Aṣálẹ̀ àárín ilẹ̀, bíi Riyadh àti Al Ain, gbẹ gan-an. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bí ọyẹ́ tí wọ́n gbé sórí iná: ètè á là, imú á gbẹ, òógùn á sì ti gbẹ kí ènìyàn tó rí i lára. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn á rò pé òun kò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ń tán lára rẹ̀. Ti ìlú etí òkun, bíi Dubai, Doha àti Jeddah, yàtọ̀. Omi òkun ibẹ̀ máa ń gbóná, pàápàá ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rinrin rẹ̀ á sì kún inú afẹ́fẹ́ débi pé awò ojú á fi ìkùukùu bo ojú ẹni tó bá jáde láti inú yàrá tútù. Òógùn á máa ṣàn lára, kò sì ní gbẹ. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ òógùn gan-an ló ń gbé ooru kúrò lára. Èyí tó bá kán sílẹ̀ láìgbẹ kò ṣe ara láǹfààní. Ìdí nìyí tí 38°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ní etí òkun fi lè ṣòro fún ara ju 45°C lọ níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Bí ó bá ṣeé ṣe láti yan oṣù tí ẹ máa lọ, ẹ yan oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá, kí ara lè ní àkókò kí ooru gidi tó dé. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá jáde ní oṣù Kẹfà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò: kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ́sàn-án títí òógùn á fi bò ó, dípò kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Sábó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Èyí ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀ lemọ́lemọ́, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Kí ó má ṣe fúnra rẹ̀ dín oògùn kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà, nítorí àlejò máa ń fẹ́ fi han ọ̀gá rẹ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́ ń lò ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ inú oòrùn ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. Bí iṣẹ́ ìta bá jẹ́ wákàtí márùn-ún, wákàtí kan ni ti ọjọ́ kìíní, méjì ni ti ọjọ́ kejì, títí yóò fi pé márùn-ún ní ọjọ́ karùn-ún. Láàárín àkókò yìí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè làágùn, òógùn náà á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù.

Ẹ mọ òfin ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní Dubai àti gbogbo ilẹ̀ UAE, wọn kò gbọ́dọ̀ mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí aago 3:00 ọ̀sán láàárín ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Ní Saudi Arabia, níbi tí Jeddah àti Riyadh wà, aago 12:00 sí aago 3:00 ni, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án kan náà yẹn. Ti Qatar, níbi tí Doha wà, gùn jù: aago 10:00 òwúrọ̀ sí aago 3:30 ọ̀sán, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Èyí kò túmọ̀ sí pé aago mọ́kànlá kò léwu ní Dubai o.

Omi, iyọ̀ àti oúnjẹ

Ẹ má dúró de òùngbẹ. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, ẹ máa mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún síra, àmọ́ kí ó má kọjá lítà kan àtààbọ̀ láàárín wákàtí kan, nítorí omi àmujù máa ń fo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ìyẹn náà sì lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá ń jẹun dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti ń rí iyọ̀ tó tó nínú ọbẹ̀. Bí òógùn bá ti ń ṣàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tí ẹ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó ṣe dọ́gba, sínú lítà omi mímọ́ kan. Ìtọ̀ ni ẹ ó máa fi yẹ ara yín wò. Bí ó bá pọ́n tàbí tó kéré, omi kò tó. Ọtí àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fúnni lágbára kò lè rọ́pò omi.

Aṣọ àti ilé

Bíbọ́ ẹ̀wù kò ran ẹni tó wà nínú oòrùn lọ́wọ́. Aṣọ òwú tó fẹ̀, tó gùn lápá, tó sì ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló dára, ìdí rèé tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wọ jalabíà. Akẹ̀tẹ̀ tí àwọn apẹja Báyẹ̀kú ń dé wúlò níbẹ̀ bó ṣe wúlò ní orí ọ̀sà.

Ní ti ilé, kí yàrá tútù lálẹ́ kí ara lè sinmi, àmọ́ 24°C ti tó. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé fáànù nìkan kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́ bí yàrá bá ti kọjá 40°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí ni lára. Ohun kan wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Oòrùn máa ń se omi inú táńkì orí òrùlé, tí omi tó ń jáde ní ẹnu ẹ̀rọ tó ní àmì búlúù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóni lọ́wọ́. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á pa iná ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná bí ìgbà ooru bá ti wọlé. Nítorí pé inú ilé ni àgbá rẹ̀ wà, omi inú rẹ̀ á tutù bá yàrá, ẹnu ẹ̀rọ tó ní àmì pupa ni wọ́n á sì máa ṣí wẹ̀.

Bí ooru bá kọlu ènìyàn

Bí orí bá ń fọ́ ará Ìkòròdú tí ara rẹ̀ sì gbóná, ibà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó sì lè lọ wá oògùn ibà lò kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní aṣálẹ̀. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì àti iṣan tó ń fà jẹ́ àmì pé ooru ti wọra: ẹ bọ́ sí ibòji, ẹ tú aṣọ, ẹ fi omi tútù nura, kí ẹ sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tó dákú, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, yálà ó ń làágùn tàbí kò làágùn. Ẹ pe 998 ní UAE, 997 ní Saudi Arabia, 999 ní Qatar. Kí wọ́n tó dé, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fún ẹni tí kò mọ ibi tó wà ní omi mu, ẹ má sì fún un ní paracetamol, nítorí kò lè mú irú ooru yìí wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú. Ní Hajj oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru Mẹ́kà dé 51.8°C, ó lé ní 1,300 ènìyàn tó kú, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn jìnnà láìní àgọ́. Ọkùnrin tó wọ ìhùrámù, ìyẹn aṣọ Hajj, kò lè dé fìlà, ṣùgbọ́n ó lè lo agbòòrùn.

Bí ẹ bá wálé fún ìsinmi

Ara máa ń gbàgbé ooru. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó tutù á ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tí ara rẹ̀ ti kọ́. Bí ó bá sì tó oṣù kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá wá lo oṣù Keje nínú òjò Ìkòròdú, tó sì padà ní oṣù Kẹjọ, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àlejò. Kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó sì tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá kan nínú márùn-ún.