Àìfararọ tí oògùn ọpọlọ ń fà: bí a ṣe lè dá a mọ̀ nílé

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, irú bíi haloperidol, Largactil tàbí risperidone, ohun tí a máa ń retí ni pé ohùn tó ń gbọ́ yóò dákẹ́, ìfura rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. A kì í sábà retí pé oògùn kan náà lè kó ìdààmú bá ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ dopamine nínú ọpọlọ ni àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí lọ́wọ́, dopamine yìí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni, tó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ohun tí a fẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ìdààmú náà lè gbà yọ: àìfararọ, ìyẹn kí ara má lè wà lójú kan, àti kí nǹkan má dùn mọ́ni mọ́. Àìfararọ ló ń tan ìdílé jẹ jù. Nílé wa ní Ìkòròdú, ọ̀sẹ̀ kejì tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ oògùn ni mo rí i. A gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀. Ó bu ṣíbí kan, ó dìde dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó, ó tún dìde. Lọ́jọ́ tí a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò yé lu ilẹ̀ ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀ ní Fálómò. Màmá wa ní àìsàn náà ti tún gbé e dé. Ohun tí a sọ fún dókítà nìyẹn, wọ́n fi kún oògùn, ara rẹ̀ kò sì wá lélẹ̀ mọ́ rárá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá ti gbà wá: “Ṣé inú ara rẹ ló ti ń tì ọ́ dìde ni, àbí ẹnì kan ló ń lé ọ?” Ẹni tí oògùn ń dà láàmú yóò sábà sọ pé ẹsẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí òun jókòó, àti pé bí òun bá rìn díẹ̀, ó máa ń fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjọ́: ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tàbí tí wọ́n fi kún un, tàbí tó gba abẹ́rẹ́, sí ìgbà tí ara kò rọ̀ ọ́ mọ́? Ìwọ̀nba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó máa ń jẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìdààmú kejì, ìyẹn kí nǹkan má dùn mọ́ni mọ́, kì í pariwo. Ẹni náà yóò kàn jókòó, ojú rẹ̀ yóò le, yóò sì sọ pé kò sí ohun tó dùn mọ́ òun, kò sì sí èyí tó dun òun. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè fà á, ìsoríkọ́ sì lè fà á. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ìrìn sì falẹ̀, ẹ fura sí oògùn.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, nítorí àìsàn lè padà wá. Bí ẹ bá fẹ́ gba ààwẹ̀, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá oògùn aláìsàn dúró. Ẹ má sì sáré lọ ra Artane ní kẹ́míìsì: ara gígan àti gbígbọ̀n ni ó máa ń ràn lọ́wọ́, kì í sábà ran àìfararọ yìí. Dókítà lè dín oògùn kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè fi oògùn mìíràn tó ń jẹ́ propranolol kún un, èyí tí kò dára fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Nígbà tí wọ́n dín ti àbúrò mi kù, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lè jẹun tán lórí ìjókòó.

Bí aláìsàn bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni bí ibà bá mú un, tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú: ẹ má dúró di ọjọ́ àdéhùn.